Ìrìn Pẹ̀lẹ́ Nínú Àfonífojì Èédú

Mi ò kọ ọ̀rọ̀ yìí láti sọ pé ara mi ti yá. Ẹni tó bá ń wá irú ìtàn bẹ́ẹ̀ yóò rí i níbòmíràn, mo sì bá àwọn tó ni ín yọ̀. Mo kọ ọ́ nítorí pé ẹnì kan lè wà níbì kan lónìí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún pé ọkàn rẹ̀ ti rẹ̀, pé kò lè ti ẹ̀jẹ̀ káàkiri ara bó ṣe yẹ mọ́, tí kò sì mọ ohun tí yóò bi dókítà. Ohun tí mo mọ̀ dájú ni n ó sọ. Ibi tí mi ò bá ti dájú, n ó sọ pé mi ò dájú.

Kawo ní Kàdúná ni wọ́n bí mi sí, ṣùgbọ́n Enugu ni wọ́n gbé mi lọ ṣe àgùnbánirọ̀ nígbà tí mo parí yunifásítì. Ilé ẹ̀kọ́ tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò wà lẹ́yìn ìlú, létí àfonífojì kan tí wọ́n ti ń wa èédú láyé àtijọ́. Wọn ò wa èédú níbẹ̀ mọ́. Ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ kan wà tó bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ igi máńgòrò lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́ wa. Ó rọra ń sọ̀kalẹ̀ tẹ̀lé ibi tí ojú irin tí wọ́n fi ń kó èédú wà nígbà kan, tí koríko ti bò báyìí. Lẹ́yìn náà ni èèyàn yóò kan afárá onírin kan lórí odò tí omi rẹ̀ pupa bí ẹni pé irin tó dípẹtà ló ń sun ún jáde. Tí a bá kọjá odò, ilé kan wà tí kò ní òrùlé mọ́, níbi tí wọ́n sọ pé àwọn awakùsà ti máa ń gba àtùpà láàárọ̀. Níwájú rẹ̀ ni ẹnu ihò kùsà wà. Wọ́n ti fi búlọ́ọ̀kù dí i, ṣùgbọ́n atẹ́gùn tútù ṣì ń gba àlàfo rẹ̀ jáde. Lẹ́yìn ihò yẹn ọ̀nà náà tún ń lọ, ó yà sápá òsì, a kì í sì í rí ibi tó wọ̀ sí.

Èmi àti Ṣadé la máa ń rìn ín ní Sátidé. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, àgùnbánirọ̀ bíi tèmi, yàrá kan náà la sì ń gbé. Ìrìn pẹ̀lẹ́ ni. Àwọn ìyá arúgbó tó ru ẹ̀gẹ́ ń rìn ín, àwọn ọmọ iléèwé ń sáré lórí rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀, a máa ń dé ẹnu ihò náà láìmọ̀ pé a ti rìn, a ó jókòó níbi atẹ́gùn tútù yẹn, a ó jẹ ẹ̀pà, a ó sì padà. A fi ìparí ọ̀nà náà pa mọ́ fún Sátidé tí a máa lò kẹ́yìn ní Enugu. Èrò Ṣadé ni. Ó ní ọmọ tó mọ nǹkan kì í jẹ ẹran tán kó tó jẹ òkèlè tán.

Nígbà tí ọyẹ́ ń kásẹ̀ nílẹ̀ ni mo ṣàkíyèsí pé mo ti ń dúró lórí afárá.

"Kàdúná," orúkọ tí Ṣadé ń pè mí nìyẹn, "kí lo tún ń wò?"

"Odò ni mò ń wò."

"Odò tó o wò lọ́sẹ̀ tó kọjá? Ṣé ó ti para dà ni?"

Mo rẹ́rìn-ín, nítorí mi ò fẹ́ sọ̀rọ̀. Èémí mi kò tíì tó ọ̀rọ̀ sọ.

"Ilẹ̀ pẹrẹsẹ ló bà yín jẹ́," ló wí. "Ẹ̀yin ará Òkè Ọya, tí ẹ bá rí ebè iṣu, ẹ ó ní òkè ńlá nìyẹn."

Mo gbà á gbọ́. Ó bọ́gbọ́n mu: ilẹ̀ Kàdúná tẹ́, ibí sì ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ṣùgbọ́n ní Sátidé kan, ìyá arúgbó kan tó ru igi kọjá lára wa lórí afárá. Ó kí wa, ó lọ. Ó já ẹrù rẹ̀ sí ilé tí kò ní òrùlé, ó padà wá, mo ṣì wà lórí afárá, mo di irin mú. Ó wojú mi pẹ́, ó sọ nǹkan kan ní èdè Ìgbò tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò gbọ́. Ṣadé kò bá mi ṣeré lọ́jọ́ yẹn. Ó gba àpò ẹ̀pà lọ́wọ́ mi, a sì padà.

Mo gbìyànjú láti wádìí ara mi. Mo rìn yíká pápá ilé ẹ̀kọ́, níbi tí ilẹ̀ ti tẹ́ bíi ti Kawo, èémí mi sì tún já. Nítorí náà kì í ṣe gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Mo ní bóyá eruku èédú ni, ṣùgbọ́n atẹ́gùn kan náà ni Ṣadé ń fà símú, kò sì wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́yìn èyí, ìrọ̀rí kan kò gbà mí mọ́. Tí mo bá dùbúlẹ̀ gbọrọ, yóò dà bí ẹni pé ẹnì kan ń rọra bu omi sí mi láyà. Mo fi ìrọ̀rí Ṣadé kún tèmi, mo wá ń sùn bí ẹni tó jókòó. Ní àárọ̀ ọjọ́ ìpàdé wa kan, bàtà àgùnbánirọ̀ mi kọ̀, kò wọlé. Mo tẹ ọrùn ẹsẹ̀ mi, ibi tí mo tẹ̀ jìn wọlé, ó sì pẹ́ kó tó kún. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ohun mẹ́ta yìí ni kí ẹ mú lọ bí ẹ kò bá ní ka ìyókù: èémí tó ń já níbi ìrìn tí kò le, orun tó ń bẹ̀bẹ̀ fún ìrọ̀rí sí i, ẹsẹ̀ tó ń wú. Èmi kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan náà ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń sọ.

Ẹni tó ń ta oògùn nítòsí ilé ẹ̀kọ́ wa sọ pé ibà ni. Mo lo oògùn ibà. Ó ní táífọ́ọ̀dù ló kù. Mo lo tìyẹn náà. Sátidé tó kẹ́yìn dé, a kò rìn. Ṣadé sìn mí lọ sí páàkì, ó gbé báàgì mi lé orí bí alábàárù.

"Tí ara rẹ bá ti le, kó o wá," ló wí. "A jẹ ìparí ọ̀nà yẹn ní gbèsè."

"N ó wá."

"Má jẹ́ kí n dá a rìn o. Mi ò ní dá a rìn láé."

Bàbá mi wá pàdé mi ní páàkì Kawo. Áfáà ni wọ́n, ọmọ Ìlọrin, wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọdé ní kéwú níwájú ilé wa, lábẹ́ igi dọ́ngóyárò, kò jìnnà sí bíríìjì Kawo. Wọ́n wo ẹsẹ̀ mi kí wọ́n tó wo ojú mi. Ìyá mi, tí wọ́n ń ta aṣọ ọmọdé lọ́jà, ni wọ́n sọ̀rọ̀ nígbà tí a délé, lẹ́yìn tí mo ti ṣàlàyé gbogbo rẹ̀.

"Àṣàbí, kí lo wá lọ ṣe lẹ́nu ihò tí àwọn awakùsà kú sí?"

"Ìyá, a kì í wọ inú ẹ̀. Ìta la máa ń jókòó sí."

"Atẹ́gùn tó ń jáde ńkọ́? Ṣé ìta ni òun náà ti wá?"

Títí di òní, mi ò ní ẹ̀rí pé àfonífojì yẹn ló ṣe mí ní ohunkóhun. Àwọn ìyá arúgbó ń rìn ín, ara wọn le. Ṣùgbọ́n nínú ilé wa, láti ọjọ́ náà, àfonífojì ni a dá lẹ́bi, oògùn tí yóò lé e jáde lára mi ni gbogbo wọn sì ń wá. Àǹtí Sìkírá, àbúrò ìyá mi, gbé àgbo wá láti Ìlọrin. Mi ò mu ún, nítorí mi ò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Wọ́n bínú sí mi díẹ̀. Bàbá mi kò bá wọn jà, wọn ò sì gbè mí. Wọ́n gbé wàláà wọn sílẹ̀, wọ́n po tàdáwà.

Fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n: wàláà ni pátákó tí wọ́n fi ń kọ́ kéwú. Tàdáwà ni yíńkì tí wọ́n fi ń kọ ọ̀rọ̀ Ọlọ́run sí i, dúdú ìdí ìkòkò ni wọ́n fi oje igi pò. Tí wọ́n bá kọ ọ́ tán, wọ́n á fi omi fọ̀ ọ́ sínú abọ́, ẹni tí ara rẹ̀ kò yá á sì mu ún. Hàntú là ń pè é, rubutu ni àwọn Hausa ń pè é. Mo ti ń mu ún láti kékeré, nígbà ibà, nígbà ìdánwò. Ó máa ń korò díẹ̀, ó sì ń rùn bí ilé ìdáná.

"Èédú ló wọ̀ ọ́ lára," ni Àǹtí Sìkírá wí, wọ́n ń wo abọ́ náà. "Èédú náà ni yóò wọlé lọ pè é jáde."

Bàbá mi rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo gbé abọ́ náà, mo mu ún tán, nítorí ọwọ́ bàbá mi ló kọ ọ́, mo sì mọ iye ìgbà tí wọ́n ti sinmi kí wọ́n tó kọ ọ́ tán.

Ilé ìwòsàn ńlá ni a lọ lẹ́yìn náà. Ẹni tó bá mọ ibẹ̀ mọ bí ìlà rẹ̀ ti rí. Lẹ́yìn ìrun àárọ̀ la ti ń dé, a ó to káàdì wa sórí bẹ́ńṣì, káàdì ni yóò máa jókòó dè wá, àwa yóò sì wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Wọ́n kọ́kọ́ wò mí fún ikọ́ ẹ̀gbẹ, wọn ò rí i. Wọ́n ya àwòrán àyà mi. Wọ́n tún rán wa lọ ya àwòrán ọkàn níbòmíràn, nítorí ẹ̀rọ tiwọn kò ṣiṣẹ́. Mi ò ní ka iye owó síbí. Gbogbo ilé tí àìsàn yìí bá ti wọ̀ ló mọ̀ ọ́n.

Dókítà tó wá sọ ọ́ fún wa jẹ́ obìnrin, ọmọ Hausa, kò lè ju èmi lọ púpọ̀. Ó ní ọkàn mi ti fẹ̀, ó ti rọ̀, bí àpò tí wọ́n ki ẹrù sí títí tí kò lè sún padà mọ́. Ó ní kò mọ ohun tó fà á, pé ó lè jẹ́ àìsàn kan tí mo ṣe láìmọ̀ ọ́n nígbà kékeré. Mo fẹ́ràn rẹ̀ nítorí pé ó sọ pé òun kò mọ̀. Ó ní kí n dín iyọ̀ kù. Ó ní omi tí ọkàn mi kò lè gbé ló ń dá dúró sí mi lẹ́sẹ̀ àti ní àyà, nítorí náà ike omi kan ni mo lè mu lójúmọ́, mi ò sì gbọdọ̀ kọjá rẹ̀. Ó fún mi ní oògùn.

"Kó o sì máa rìn," ló wí. "Rọra ni o. Lórí ilẹ̀ tó tẹ́."

Mo ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ. Nínú gbogbo ọdún àìsàn yìí, n kò tíì gbọ́ ọ̀rọ̀ tó dùn mọ́ mi tó bẹ́ẹ̀. Mo fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí Ṣadé, tó ti ríṣẹ́ tó sì dúró sí Enugu, pé wọ́n ní kí n máa rìn. Ó fèsì pé kí n máa bọ̀, afárá ń retí mi.

A bẹ̀rẹ̀ sí í ka omi. Olùkọ́ ìṣirò ni mí, mo fi bírò fa ìlà sára ike omi mi. Tí mo bá mu tíì, mo bu iye rẹ̀ kúrò nínú ike. Kókó, bẹ́ẹ̀ náà. Ìyá mi ń ka omi ọbẹ̀, wọ́n ń ka ọsàn. Nígbà oòrùn Kàdúná, tí ahọ́n mi lẹ̀ mọ́ òkè ẹnu, mo máa ń fi omi pa ètè lásán, n ó sì tu ú dànù. Kò sí ẹni tó lè sọ pé a kò gbìyànjú.

Ọ̀rẹ́ bàbá mi kan ní ilé ní Afaka, lẹ́yìn ìlú Kàdúná, nítòsí àwọn igi tí ilé ẹ̀kọ́ nípa igbó gbìn. Ibẹ̀ ni bàbá mi ń mú mi lọ ní àárọ̀ Sátidé. Ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́, ibòji wà, àwọn ewé gbígbẹ sì ń ró lábẹ́ ẹsẹ̀. Bàbá mi á wà lẹ́yìn mi díẹ̀, wọ́n á kó ọwọ́ sẹ́yìn, wọ́n á máa fa tẹ̀sùbáà. Ìrìn náà lọ dáadáa ní ìbẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ń kúrú. Ilẹ̀ kò yí padà, oògùn ń pọ̀ sí i, omi ike mi kò kọjá ìlà, síbẹ̀ ẹsẹ̀ mi ń wú lójoojúmọ́, ikùn mi náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Mo wo gbogbo ohun tí à ń ṣe lọ́kọ̀ọ̀kan, mi ò rí ibi tó ń jò.

Nígbà tó yá, ọ̀nà Afaka kò ṣe é rìn mọ́ nítorí àwọn ajínigbé. A wá ń lọ sí Ungwan Rimi, níbi tí igi pọ̀ lójú títì àwọn olówó. Ẹ̀ṣọ́ kan lẹ́nu géètì wò wá lọ, ó wò wá bọ̀.

"Malam," ó pe bàbá mi, "ṣé iṣẹ́ ilé lẹ ń wá fún ọmọ yìí ni? Ó dà bí ẹni tí agbára rẹ̀ kò ní tó o."

"Rárá," ni bàbá mi wí. "Ìrìn là ń rìn."

"Ẹ̀ ń lọ síbo?"

Bàbá mi ronú. "A kò tíì débẹ̀," ni wọ́n fi dá a lóhùn.

Kò pẹ́ sí ìgbà náà ni omi kún àyà mi débi tí mi ò lè sọ̀rọ̀ tán lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n dá mi dúró ní ilé ìwòsàn. Dókítà obìnrin yẹn dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó ń bi bàbá mi léèrè ní Hausa ohun tí mo jẹ àti ohun tí mo mu láti àárọ̀ àná. Bàbá mi ń fèsì bí ẹni tó mọ̀ pé òun ti yege.

"Ike omi kan, kò lé. Tíì, a kà á mọ́ ọn. Kókó, a kà á mọ́ ọn. Ìyá rẹ̀ tilẹ̀ ń ka omi ọbẹ̀."

"Kò sí nǹkan mìíràn?"

"Kò sí. Àfi rubutu."

"Báwo ni rubutu náà ṣe pọ̀ tó, Malam?"

"Abọ́ kan láàárọ̀, abọ́ kan nírọ̀lẹ́. Nígbà tí mo rí i pé ara rẹ̀ ń wú sí i, mo fi ti ọ̀sán kún un. Àti zamzam, omi Mẹ́kà, tí àǹtí rẹ̀ ń mú wá."

Dókítà gbé bírò rẹ̀ sílẹ̀. Kò gbé ohùn sókè. Ó ní, "Malam, shi ma ruwa ne." Omi ni òun náà.

Bàbá mi wò mí. Èmi wo ike omi mi lórí tábìlì, tó ní ìlà lára. Kò sí ẹni tó fi nǹkan kan pa mọ́ fún ẹnikẹ́ni nínú wa. Ká ní ẹnì kan bi mí pé kí ni mo mu lónìí, n ó ka gbogbo rẹ̀, mi ò ní ka hàntú, mi ò sì ní mọ̀ pé mo fo nǹkan kan. Àdúrà ni. Bí èèyàn kì í ti í ka ìrun kíkí mọ́ eré ìdárayá, bẹ́ẹ̀ ni kò sọ sí wa lọ́kàn láti kà á mọ́ omi. Bí mo sì ti ń wú ni bàbá mi ń gbàdúrà sí i, bí wọ́n ti ń gbàdúrà sí i ni mo ń wú.

Nígbà tí wọ́n dá mi sílẹ̀, bàbá mi fi kẹ̀kẹ́ gbé mi délé. Wọ́n gbé wàláà náà kọ́ ara ògiri, wọn ò sì fọwọ́ kàn án fún ọjọ́ bíi mélòó kan. Àǹtí Sìkírá wá, wọ́n sì gbọ́.

"Dókítà wo nìyẹn? Ṣé kì í ṣe Mùsùlùmí ni?"

"Mùsùlùmí ni," ni mo wí. "Ó ní bàbá òun náà ń kọ rubutu."

"Tó wá ní ká má fún ọ mu?"

"Kò ní ká má fún mi mu, Àǹtí. Ó ní ká kà á."

Ìyá mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Wọ́n ń ká aṣọ ọmọdé, wọ́n tún ń tú u, wọ́n tún ń ká a.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, bàbá mi pè mí. Wọ́n ti kọ gbólóhùn kan ṣoṣo sí àárín wàláà, lẹ́tà rẹ̀ kéré, ó sì mọ́ nigínnigín. Ife kékeré tí àwọn aláshàyí fi ń ta tíì ni wọ́n mú dání. Wọ́n rọra fi ìwọ̀nba omi fọ wàláà náà sínú ife, kò tó ìdajì rẹ̀. Wọ́n nà án sí mi.

"Mu ún," ni wọ́n wí. "Kó o sì bu ú kúrò nínú ike rẹ."

Mo mu ún. Mo bu ú kúrò nínú ike. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe é títí di òní.

Ẹni tó bá ń ka èyí lè rò pé ibí ni ara mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í yá. Wíwú náà dínkù lóòótọ́. Mo tún lè wọ bàtà. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n tún ya àwòrán ọkàn mi, kò dára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ó burú sí i. Bàbá mi bi dókítà léèrè bóyá ká ní a ti mọ̀ ṣáájú ni, bóyá kì bá tí rí báyìí. Dókítà ní òun kò lè sọ. Ó ní ọkàn mi ti burú kí hàntú tó dé ọ̀rọ̀ náà. Mo rò pé òótọ́ ló sọ. Mo sì mọ̀ pé inú rere wà nínú bó ṣe sọ ọ́, mi ò sì lè ya ọ̀kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì.

"Ṣé yóò tún lè rìn bíi ti tẹ́lẹ̀?" ni bàbá mi bi í.

"Baba, kì í ṣe pé kó padà sí ti tẹ́lẹ̀ la ń wá," ló wí. "Kó má tètè burú ju báyìí lọ la ń wá."

Ó sọ pé ní òkè òkun, wọ́n lè ṣe iṣẹ́ abẹ fún irú mi, kò sì sọ iye rẹ̀, nítorí ó rí bàtà tó ti gbó lẹ́sẹ̀ bàbá mi.

Ẹ̀yin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún, èmi kò ní ohun púpọ̀ láti fún yín. Ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n máa fi oògùn ibà tàn yín lọ tí èémí yín bá ń já. Ohunkóhun tó bá ń ṣàn, tó sì gba ọ̀nà ọ̀fun yín kọjá, ẹ kà á mọ́ omi, ì báà jẹ́ hàntú, ì báà jẹ́ zamzam, ì báà jẹ́ omi àdúrà tí wọ́n gbé wá láti ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ má bá àwọn òbí yín jà nítorí rẹ̀. Ẹ mú wọn dání lọ sọ́dọ̀ dókítà, kí wọ́n fi ẹnu ara wọn sọ ohun tí wọ́n ń ṣe fún yín, kí wọ́n sì fi etí ara wọn gbọ́ èsì. Mi ò lè ṣèlérí pé yóò wo yín sàn. Ó lè fún yín ní àkókò. Mo rò pé ó fún èmi ní díẹ̀.

Bí mo ti wà báyìí nìyí. Mi ò jáde lọ sí Ungwan Rimi mọ́. Nírọ̀lẹ́, lẹ́yìn tí àwọn ọmọ kéwú bá ti lọ, èmi àti bàbá mi máa ń rìn láti ẹnu ọ̀nà yàrá mi lọ sí ìdí igi dọ́ngóyárò. Ìyá mi ló dá ọ̀rọ̀ àfonífojì sílẹ̀. Lọ́jọ́ kan, bí wọ́n ti jókòó tí wọ́n ń wò wá, wọ́n kàn ṣàdédé bi mí pé, "Báwo ni ibẹ̀ yẹn tilẹ̀ ṣe rí?" Ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n béèrè nìyẹn. Mo sọ fún wọn: igi máńgòrò, ojú irin tí koríko bò, afárá, odò pupa, ilé tí kò ní òrùlé, ẹnu ihò. Wọ́n ní, "Ó dà bí ibi tó dára." Láti ìgbà náà ni bàbá mi ti sọ ọ́ di àṣà. Tí a bá ń rìn nínú ọgbà, wọ́n á bi mí pé, "Níbo la dé?" N ó wo bí èémí mi ti kù sí, n ó dáhùn.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, ìdí dọ́ngóyárò ni ẹnu ihò kùsà. A máa ń jókòó níbẹ̀, afẹ́fẹ́ á máa fẹ́ láti ọ̀nà bíríìjì, bàbá mi á ní, "Atẹ́gùn wọn tutù lóòótọ́." Lẹ́yìn òjò tó kọjá, ilé tí kò ní òrùlé la ti ń padà. Lẹ́yìn náà, odò. Bàbá mi kì í sọ pé ó ti kúrú. Wọ́n kàn máa ń béèrè, èmi a sì máa dáhùn.

"Kí ló wà lẹ́yìn ihò yẹn?" ni wọ́n bi mí nígbà kan.

"Mi ò mọ̀, Bàbá. A kò dé ibẹ̀."

Ṣadé ṣì ń pè mí ní Sátidé. Ó ṣì ń rìn dé ẹnu ihò, ó sì ń padà. Ní ọdún tó kọjá, ó bi mí bóyá kí òun lọ wo ìparí ọ̀nà náà, kí òun wá sọ ohun tó wà níbẹ̀ fún mi. Mo ní kó má ṣe bẹ́ẹ̀. Mo ní gbèsè ni, a ó jọ san án. Ó ní ó dáa.

Lánàá, bàbá mi mú mi lọ́wọ́ ní ẹnu ọ̀nà yàrá. A rìn díẹ̀. Mo dúró.

"Níbo la dé?" ni wọ́n bi mí.

"Igi máńgòrò ni, Bàbá."

Wọ́n wo iwájú, wọ́n wo ìdí dọ́ngóyárò níbi tí àwọn ọmọ ti gbàgbé wàláà kan sí. "Ibòji wà níbẹ̀," ni wọ́n wí. A dúró níbẹ̀ títí èémí mi fi padà, a sì wọlé.

Mo pe Ṣadé. Ó ti ń ṣàlàyé nǹkan kan nípa ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀, mo jẹ́ kó sọ ọ́ tán.

"Ṣadé," ni mo wí, "lọ dé ìparí ọ̀nà yẹn. Kó o wá sọ ohun tó wà níbẹ̀ fún mi."

Mo gbọ́ bó ṣe ń mí, èémí tó mọ́ gaara, tí kò ní ìdíwọ́.

"Kàdúná," ló wá wí, "ní Sátidé, n ó lọ."